Ṣé ká yọ etí tí wọ́n jó mọ́ ṣílè 1913 yìí?

Ẹ̀yin àgbà nídìí owó àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣílè West Africa ti 1913 kan ló wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí: orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún níwájú, igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Fàdákà 92.5% ni. Alágbẹ̀dẹ kan ti jó etí mọ́ ọn lórí, kí wọ́n lè fi kọ́ ọrùn. Gíráàmù 6.1 ló wọ̀n; bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, kò yẹ kó ju 5.7 lọ. Ohun tó fi jó o dúdú, abẹ́rẹ́ lásán ń fá a, ó jọ òjé. Iná díẹ̀ á yọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ tí iná bá pọ̀ jù, òjé á jẹ fàdákà náà wọnú. Ṣé ká yọ etí ọ̀hún ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká fi yanrìn fọ̀ ọ́ o.