Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìgbà ogun
Ẹ̀yin ará, mo ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí James Gillray yà ní ọdún 1798, lẹ́yìn tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé nítòsí ẹnu odò Náílì. Nínú rẹ̀, John Bull, tó dúró fún ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sídìí tábìlì, ó ń ki ọkọ̀ ogun bọ ẹnu bí òkèlè, Nelson àtàwọn ọ̀gágun ojú omi yòókù sì ń gbé àwo mìíràn wá fún un. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òkú níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Láti ọdún 1797 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún Gillray lówó lọ́dọọdún, síbẹ̀ ó ya John Bull bí alájẹkì. Ṣé kí n pè é ní ìpolongo ogun pọ́ńbélé, àbí kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀gàn tó wà nínú ìyìn náà?