Kóòṣì ní kí n tọwọ́ bọ̀wé fún ọmọ mi ọdún 11. Kí n ṣe é àbí kí n má ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi.

Ìdòwú ilé wa pé ọdún 11 lóṣù tó kọjá. Kò sí ohun tí kì í gbá: ọsàn, agolo mílíìkì, ìbọ̀sẹ̀ tí mo ká jọ láti fọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kóòṣì kan tó ń kó àwọn ọmọ jọ lórí pápá kan ládùúgbò wa tẹ̀ lé e wálé. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà kì í ṣe lásán, kí n wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní akádẹ́mì òun. Náírà 15,000 ni fọ́ọ̀mù, jẹsí 12,000, 5,000 lóṣooṣù. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ìwé tó fi sílẹ̀ ló já mi láyà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akádẹ́mì ló ni ọmọ fún ọdún 10, àti pé bí kílọ́ọ̀bù kankan bá rà á, ìdá 70 nínú 100 owó náà jẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé tí a bá fẹ́ ṣe ìwé ìbí rẹ̀, ká kọ ọdún 9 sí i.

Bàbá wọn ní òun ò rán ọmọ níṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ò jẹun lálẹ́ àná. Ẹ wí tẹnu yín.

Alàgbà Ṣúrùlérè:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o. Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ǹtì gba 800,000 náírà lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ mi tó jẹ́ ọdún 15 nígbà náà máa lọ fara hàn ní kílọ́ọ̀bù kan ní Yúróòpù. Lẹ́tà wà, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ mi láìṣì ẹyọ lẹ́tà kan. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura, nítorí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàápàá kì í kọ ọ́ re. Kò sí kílọ́ọ̀bù, kò sí físà, nọ́mbà ọkùnrin náà ò sì lọ mọ́.

Owó ti lọ tán kí n tó lọ ka òfin. FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ forúkọ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ mìíràn, àfi láwọn ọ̀nà díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ wo Osimhen, àgbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ó jẹ gólì 10 nínú ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile lọ́dún 2015. Gbogbo ayé rí i. Síbẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 18, ló tó lọ sí kílọ́ọ̀bù Wolfsburg ní Jámánì. Ta ni tèmi tí wọ́n fẹ́ sáré gbé lọ ní 15?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù jàre. Bàbá tèmi náà ò gbà, mo wá di akọ̀wé báńkì tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì.

Akọ̀wé Kóòtù, Òṣogbo:
Ọ̀rọ̀ "àwa la ni ọmọ" yẹn, ẹrú ni wọ́n máa ń ni, wọn kì í ni ọmọ ọlọ́mọ. Nínú òfin FIFA, àgbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 ò lè tọwọ́ bọ àdéhùn iṣẹ́ tó ju ọdún 3 lọ. Ọmọ ọdún 11 ò tíì dé ibi àdéhùn iṣẹ́ rárá. Kí ni ti ọdún 10?

Ẹ má jẹ́ kó fi "a ti náwó lé ọmọ lórí" mú yín. Òfin ti ro ti akádẹ́mì mọ́ ọn. Bí ọmọ bá di àgbábọ́ọ̀lù olówó oṣù, owó ìtọ́jú wà fún àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún tó pé 12. Bí wọ́n bá sì ń rà á láti kílọ́ọ̀bù kan sí òmíràn lẹ́yìn náà, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni àwọn tó tọ́ ọ láàárín ọdún 12 sí 23 máa pín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti forúkọ ara rẹ̀ àti ti ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ló máa rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ẹ bi í pé kó fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kó tó mú ìwé jáde, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Ti ajẹ́ǹtì tí Alàgbà sọ: láti 2023, ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì FIFA, orúkọ wọn sì wà lórí ìkànnì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti wò.

Tíṣà Géèmù, Abẹ́òkúta:
Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní géèmù kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí Màmá má kọ ọdún 9 o! Ìwà yìí ti kó ìtìjú bá wa rí. Lọ́dún 1989, FIFA fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún 2 nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ kó wáyé lọ́dọ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ Portugal. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, egungun ò sì mọ irọ́ pa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ tí ẹ sọ di 9 lónìí, kí lẹ fẹ́ kọ síwèé WAEC rẹ̀?

Ẹ lọ jókòó sí pápá náà fún ìrọ̀lẹ́ méjì láìsọ fún kóòṣì. Ẹ ka bọ́ọ̀lù, ẹ ka ọmọ. Ibi tí ọmọ 40 bá ti ń lé bọ́ọ̀lù 2, ìlà ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù nọ́mbà 4 ló yẹ ọmọ ọdún 11, kì í ṣe 5 ti àgbà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n mumi. Àwọn kan ṣì gbà pé omi ń mú ọmọ ṣọ̀lẹ! Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń bo ojúgun, òfin eré ló ní kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. Mo ń gbọ́ eré náà lórí rédíò ní 12 oṣù kẹjọ 1989 nígbà tí Sam Okwaraji, àgbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú ní pápá ìṣeré Ṣúrùlérè nígbà tí a ń bá Angola gbá. Ọmọ ọdún 25, ara le koko. Kò dìde mọ́.

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ìjíròrò. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù níbí ní London, lọ́wúrọ̀ Sunday, nínú ẹrẹ̀, èmi ni mo ń fọ jẹsí. Nínú kílọ́ọ̀bù ọmọdé tó wà lábẹ́ FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ààbò àwọn ọmọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì máa ń wádìí kóòṣì bóyá ó ti dáràn rí kí wọ́n tó fi ọmọ sọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 kì í gbá lórí pápá àgbà, tiwọn kéré, gólì náà kéré.

Mo mọ̀ pé Ìbàdàn kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò lówó nínú: bí wọ́n bá ń lọ ìdíje níta, ta ló ń bá àwọn ọmọ lọ? Níbo ni wọ́n ń sùn? Ṣé òbí lè tẹ̀ lé wọn? Kóòṣì tí kò bá fẹ́ kí òbí dúró lẹ́bàá pápá, tèmi ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Olúwa á san yín lóore. Mo lọ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday, mo jókòó sídìí igi máńgòrò bí ẹni tó ń ta ẹ̀pà. Ọmọ 37, bọ́ọ̀lù 3. Ọ̀kan ń jò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kóòṣì á fún un lófuurufú. Ọmọ kékeré kan pàdánù bọ́ọ̀lù, kóòṣì pè é ní "màlúù" níwájú gbogbo wọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi jẹsí nu ojú títí wọ́n fi túká. Èmi ni ojú ń tì.

Mo bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ alága. Mo ní n ò ní tọwọ́ bọ ti ọdún 10, n ò sì ní yí ọjọ́ orí padà. Ó ní a jẹ́ pé n ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ sókè òkun. Mo ní rárá, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sí JSS 2.

Tíṣà géèmù ilé ẹ̀kọ́ wọn ń kó àwọn ọmọ jọ lọ́jọ́ Saturday, 2,000 náírà lóṣù, kò sí ìwé kankan. Bàbá wọn gbà, ó ní bí ìṣirò bá já wálẹ̀, ó parí. Ìdòwú ti jẹun.

Ó ku nǹkan kan: bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fún un. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà bàtà bọ́ọ̀lù tó ṣì lágbára?

Tíṣà Géèmù, Abẹ́òkúta:
Ẹ dé ọjà Alẹ́ṣinlọ́yẹ́ láàárọ̀. Ẹ mú ọmọ náà dání, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ẹ má ra èyí tó tóbi pé ó máa dàgbà sínú ẹ̀.