Ta ló yọ «ù» àbùùbùtán?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Àbúrò wa tó wà ní Boston ní òun ń túmọ̀ ìwé ìpolówó ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn lọ wo àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun tí òyìnbó ń pè ní «whale», ní Stellwagen Bank, nínú òkun Massachusetts, àti pé òun ti rí orúkọ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀: «ìwobùtán». Àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Tèmi ò sí ńbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. À-bù-ì-bù-tán: a bù ú, a ò bù ú tán. Ìyísódì ni fáwẹ̀lì àárín yẹn, òun ló ń sọ pé «a ò»; àránmọ́, ìyẹn kí fáwẹ̀lì kan fara jọ èyí tó wà nítòsí rẹ̀, ló sọ ọ́ di ù. Òun náà ló wà nínú àgbọ́ìgbọ́tán, òun ló wà nínú àdììtú. Gé e dànù, kí ló kù? Bùtán! Ẹran tó ti wọ ìkòkò. Ní Massachusetts kẹ̀! Níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ New Bedford àti Nantucket ti ń ṣíkọ̀ lọ pa á nítorí òróró àtùpà, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú tán lóòótọ́. Ọdún 1986 ni àdéhùn àgbáyé tó ní kí wọ́n yéé pa á fún òwò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò, ṣé ìwọ lo wá fẹ́ bá wọn parí rẹ̀?

O ní ọ̀rọ̀ náà gùn jù. Ìwọ tí ò ń pe Massachusetts láìkọsẹ̀! Bàbá tó kọ́ wa ní gírámà nígbà náà ì bá ti fi ṣọ́ọ̀kì sọ ẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wọn lọ ní oṣù Kẹjọ. Ó ní ọkọ̀ dẹwọ́ eré, abuké kan, irú àbùùbùtán tí òyìnbó ń pè ní «humpback», yọ, ó fọn omi sókè, òórùn ẹja jíjẹrà gba gbogbo ojú ọkọ̀. Ìgbà tó fẹ́ padà wọlẹ̀ ló na ìrù sókè, dúdú òun funfun abẹ́ rẹ̀ hàn ketekete, afinimọ̀nà wọn sì pe ẹranko náà lórúkọ, torí kò sí ìrù méjì tó jọra. Kò sẹ́ni tó mú ọ̀bẹ dání.

«Ìwòran àbùùbùtán» ni kí o kọ. Wíwò nìkan ò tó, dókítà náà ń wo aláìsàn. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ láti la ẹnu sílẹ̀, awòran ni.

Ẹni tó ní «erinmi» ló tọ́ torí Jẹ́nẹ́sísì 1:21, erinmi odò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń jẹ koríko ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi «ẹja» ṣáájú orúkọ àbùùbùtán, ó ń fún ọmọ lọ́yàn o. Mo mọ̀ pé àwọn apẹja ń pè é lẹ́ja. Ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Àti ẹ̀gbọ́n tó ní àwa Ìjẹ̀ṣà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ohun inú òkun: Ọ̀yọ́ tí ẹ̀yin ti wá, èbúté wo ló wà ńbẹ̀?