Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò São Tomé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà ní Tákíé. Ìyàwó àbúrò mi bímọ ní São Tomé, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun ní Áfíríkà, wọ́n ní kí n wá lóṣù Keje, torí láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án ni òjò máa ń dá níbẹ̀. Mi ò kọjá Kútọnu rí.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Owó ló ń jẹ mí lọ́kàn. Dobra ni wọ́n ń ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé Yúrò kéékèèké ni kí n mú dání láti ṣẹ́ sí Dobra àbí ńláńlá? Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, "obrigada" (ẹ ṣé) nìkan ni mo sì mọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹrù ìyá wa. Wọ́n ti fi ewé wé òrí, wọ́n di ọṣẹ dúdú sínú ọ̀rá mẹ́ta, wọ́n sì fi òwú so ó pinpin nítorí ọmọ tuntun. Ṣé àwọn aṣọ́bodè ò ní gbà á lọ́wọ́ mi? Kí ni kí n sọ fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.