Èsì lórí orúkọ símúùdì ẹ̀fọ́: mi ò fara mọ́ "àgbo tútù"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe símúùdì aláwọ̀ ewé, ẹ̀fọ́ àti èso tí a fi bíléńdà lọ̀ pọ̀, èyí tí àwọn tó fẹ́ dín ìsanra kù ń mu láàárọ̀, ní "àgbo tútù". Àbúrò wa kan ní "oje ewé" ló dáa jù. Òṣogbo ni mo ti ń kọ tèmi, mi ò sì fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Lóòótọ́, gbígbo ewé sómi ni "àgbo" ti wá, sísè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni. Ẹ̀gbọ́n ò ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lónìí. Níbí, omi Ọ̀ṣun gan-an ni àwọn onígbàgbọ́ rẹ̀ ń pè ní àgbo. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé nínú oṣù kẹjọ, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń lọ sétí odò, kò sì sí ẹni tó ń bu ún nítorí òùngbẹ. Ẹni tó bá mu àgbo ń retí kí nǹkan san. Tí a bá wá sọ ẹ̀fọ́ ugu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ pọ̀ lórúkọ yẹn, a ti bá ife náà ṣèlérí tí kò lè mú ṣẹ. Ẹlòmíràn á pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó sọ símúùdì yìí di mímu ojoojúmọ́, torí fítámì K inú ẹ̀fọ́ máa ń dín agbára oògùn náà kù. Oúnjẹ ni nǹkan yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ oúnjẹ.

"Oje" ní tirẹ̀ ń fi èèrí sílẹ̀. Símúùdì kò ní sísẹ́. Fáíbà tó máa ń jẹ́ kí ikùn tètè yó wà nínú èèrí yẹn, òun náà lẹni tó fẹ́ fọn sì ń wá.

Àwọn oníbàárà tó ń rà á ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, a máa pè é ní "omi ẹ̀fọ́". Èmi ò kórìíra ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọjà wá, àmọ́ ẹni tó bá ti bọ ẹ̀fọ́ rí mọ omi ẹ̀fọ́: òun ni a ń fún dànù! Ta ni yóò fowó rà á?

Àbá tèmi ni "àlọ̀mu". A ní àgúnmu, ohun tí a gún tí a sì ń mu. A ní àsèjẹ. Bíléńdà kì í gún nǹkan, ó ń lọ̀ ọ́ ni. Mo ti ń gbọ́ àtakò tó ń bọ̀, pé oògùn ni àgúnmu àti àsèjẹ náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn ò sí nínú ẹ̀hun ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn bí a ṣe hun ún pọ̀. Àjẹkù àti àlòkù bá ẹ̀hun kan náà lọ, ta ló sì ń fi wọ́n wo àìsàn? Ẹni tó bá sì sọ pé ó dà bí "àlọ́" létí, kó tún ohùn rẹ̀ gbọ́.

"Aláwọ̀ ewé" yẹn náà, ẹ gé e kúrò. Ẹ̀fọ́ tó dára lójú Yorùbá dúdú minimini ni. Àlọ̀mu ẹ̀fọ́ ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹnì kan kọ "símúùdì fún rírù". Ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó bá rù là ń bi pé kí ló ṣe é. "Kí ara lè fúyẹ́" ni kí á kọ, kí á má sì fi òǹtẹ̀ lù ú pé yóò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ń lọ sí kálórì 105, ṣíbí ìjẹun oyin kan sì ń lọ sí 64. Ẹni tó da oyin ṣíbí mẹ́ta sí i ti mu ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ nínú oyin nìkan.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ọ́ sára ìgò, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Àlọ̀mu ẹ̀fọ́. Ugu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó. A kò sẹ́ ẹ, a kò fi oyin sí i. Ẹ mu ún lónìí."