Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí níbi àsọyé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 16, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yemisi Shyllon tó wà ní Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbèjú-Lẹ́kí. Láti ọdún 2019 tí wọ́n ti ṣí i ni mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, mo sì mọ̀ pé 1,000 iṣẹ́ ọnà ni Ọmọọba Shyllon fi ta yunifásítì náà lọ́rẹ, àmọ́ kì í ṣe wíwo ère nìkan ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó níbi tí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń wò, kí àwọn náà sì lè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrírí yín níbi irú àsọyé bẹ́ẹ̀, ní yunifásítì èyíkéyìí, nílé tàbí lókè òkun, kí n lè mọ ohun tí mo ń kó wọn lọ bá.

Ará Ìyànà Ìpájà: Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo jáde nílé lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí àsọyé kan ní apá Lẹ́kí yẹn, nígbà tí mo sì fi máa dé, ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò ni mo bá nídìí máíìkì.

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Ti ọ̀nà kọ́ ni tèmi, ti ìbéèrè ni. Ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ̀rọ̀ tó dùn lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ó ṣàlàyé ẹyẹ ńlá tó wà lókè àti àwọn ẹyẹ kéékèèké tó yí i ká, adarí ètò sì ní kí ẹni mẹ́ta béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá kan tó wọ agbádá funfun gba máíìkì, ó ní ìbéèrè òun kò gùn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀. Àlàyé náà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ mẹ́ta tó ti dolóògbé kọjá, ó sì gúnlẹ̀ síbi ẹjọ́ ilẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń jà. Nígbà tí wọ́n rọra gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bi wá pé kí ni ìbéèrè òun ná. Ọmọbìnrin kan wà tó ti na ọwọ́ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń tọ́ka sí àpótí gíláàsì, àyè kò sì kàn án mọ́. Bí a ti ń jáde ni mo tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní ẹyẹ kéékèèké 16 ni ọ̀jọ̀gbọ́n pè, ṣùgbọ́n 15 ni òun kà. Mo padà lọ kà á. 15 ni lóòótọ́, ojú ibi tí ìkẹrìndínlógún ti kán sì wà níbẹ̀, ìpẹtà ti bò ó.

Ẹlẹ́rìí Kejì: Mo mọ bàbá alágbádá yẹn, nítorí ó ti dé àsọyé tiwa náà.

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi. Nígbà tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ níbí, mo mú wọn lọ sí àsọyé ọjọ́ Sátidé kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì tó wà nítòsí wa, nítorí mo gbọ́ pé ère ìbejì ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òyìnbó obìnrin tó sọ̀rọ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé bí àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́ ère náà bí ọmọ tilẹ̀ kú ní jòjòló, ó sì sọ bí ìyá ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á, tó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, títí imú àti ojú rẹ̀ yóò fi dán bí òkúta odò. Màmá mi kàn ń mi orí ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, wọ́n sún mọ́ àpótí, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìborùn nù ún, wọ́n tún fi í sójú, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn bi obìnrin náà pé ta ló sọ pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, torí èyí tó wà lápá òsì bu àbàjà, èyí tó wà lápá ọ̀tún sì kọ pélé. Ojú ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá, ó tàn án sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ti gba méjèèjì ni àwọn ṣe ń pè wọ́n ní méjì ọmọ ìyá kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo kí màmá, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìyàtọ̀ ilà ni ìyàtọ̀ ìyá. Bí Táíwò bá kú lónìí, tí Kẹ́hìndé sì kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ère ẹnì kan ni wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́, ẹni tó máa gbẹ́ ìkejì sì lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Ilà tó bá mọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́wọ́ ni yóò fín sí i.

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Ìyá wo ni yóò gbà kí wọ́n kọ ilà ilé onílé sójú ọmọ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ igi?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyá tí kò rí gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́ ni. Ṣebí ìgbà kan dé tí àwọn ìyá ń ra ọmọláńgidi oníke lọ́jà, tí àwọn mìíràn sì ń fi fọ́tò rọ́pò ère. Ẹ wá sọ fún mi, ilà wo ló wà lójú oníke?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí mi, ìlú Lamidi Fakeye (1928–2009), ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Àrẹ̀ògún, ní Ọyẹ́-Èkìtì, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fínfín. Fínfín ló kẹ́yìn, nígbà náà ni irun, ìka ọwọ́ àti ilà ojú ń hàn, èyí sì túmọ̀ sí pé títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ni oníbàárà ṣì lè sọ ilà tó fẹ́. Ohun tí oníbàárà kò lè yàn fún wa ni bí a ṣe ń la ojú àti bí a ṣe ń gbé etí kalẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni ni ìyẹn. Bí Òyìnbó náà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ló gbẹ́ méjèèjì, etí ni kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí.

Ìrírí tèmi rèé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì kan pè mí kí n wá gbẹ́ ère lójú àwọn èèyàn, wọ́n sì fún mi ní wákàtí kan. Mo gbé igi ìre tútù lọ. Àlétúnlé ni mo dé tí wọ́n ní àkókò ti tó, pé àwọn oníjó ni ó kàn. Ọmọkùnrin kékeré kan bi mí léèrè ibi tí ojú ère náà wà, mo ní kí ó padà wá lọ́la, ó ní òun máa lọ ilé ìwé lọ́la. Ère náà ṣì wà nílé mi, kò ní ojú, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí Kejì: Ẹ bá wa parí rẹ̀, ẹ sì gbé e wá fún Tíṣà.

Ọmọ Èkó ní Scotland: Níbí ní tiwa, Yunifásítì Aberdeen dá ère idẹ kan tó jẹ́ orí ọba Benin padà ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, èyí tí wọ́n rà ní ọjà gbàǹjo ní ọdún 1957. Ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni Jesus College ní Cambridge ti dá àkùkọ idẹ tí wọ́n ń pè ní Okukor padà. Láti ìgbà náà, n kò tíì lọ sí àsọyé kan tí ẹnì kan kò ti béèrè bí ohun tó wà nínú àpótí ṣe dé ibẹ̀, ìbáà ṣe ìkòkò lásán ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ti Ẹdó yàtọ̀, ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé tì wọ́n lọ́dún 1897 ni wọ́n fi kó tiwọn lọ. Ọ̀pọ̀ ère ìbejì tó wà lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa la fọwọ́ ara wa tà á.

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Ta ni ẹ ń pè ní àwa?

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà: Àwa náà wà lára wọn. Bàbá bàbá mi ló ta ti ilé wa fún oníṣòwò kan tó ń ra ohun àtijọ́ kiri, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹ̀sìn mìíràn, wọn kò sì sọ fún ìyàwó ilé kankan. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àsọyé yẹn ni màmá mi tó sọ ọ́ fún mi. Èmi rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi ọgbọ́n han Òyìnbó ni, àṣé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n mọ̀ ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Irú ilà wo ni ilé yín ń kọ?

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà: Pélé.

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Ti apá ọ̀tún nìyẹn o!

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà: Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tiwa ṣubú sídìí ààrò nígbà kan, àpá iná sì wà nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀, lábẹ́ ibi tó fi ń dúró. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nínú gíláàsì yẹn, a kò lè rí abẹ́ rẹ̀.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Èmi yóò kó àwọn ọmọ lọ. Iṣẹ́ tí mo máa kọ́kọ́ fún wọn ni kí kálukú bi ẹni tó dàgbà jù nílé rẹ̀ léèrè ohun tó wà nílé tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ kò lè kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé e sókè wò?

Ará Ìyànà Ìpájà: Tíṣà, ẹ sùn sí Ẹ̀pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú o.

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà: Mo ti kọ ọ́ lóru àná. Mo sì fi ti etí kún un.