Ta ló gé igi odán ìta yín? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo wálé ṣe Ojúde Ọba ní 2023. Ọjọ́ kẹta Iléyá, bí a ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jẹ́ ojúgbà, ti kí Awùjalẹ̀ tán, tí a ti bọ́ aṣọ ẹgbẹ́, mo ní kí n rìn dé ìta àdúgbò tí wọ́n bí mi sí. Mo débẹ̀, mo rò pé mo ṣìnà ni.

Igi odán ti lọ. Láti ara ògiri ilé kan dé ara ògiri ilé kejì, íńtálọ́ọ̀kì ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan eérú. Wọ́n mọ nǹkan róbótó kan sáàárín, wọ́n ní omi ló yẹ kó máa tú jáde níbẹ̀. Èmi ò rí omi kankan, ike omi mímu tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀ ni mo rí. Irin yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ga dé ìdí ènìyàn, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Pátákó wà níbẹ̀ o. Orúkọ ẹni tó ṣe é tóbi ju orúkọ àdúgbò lọ.

Àwọn bàbá tó máa ń ta ayò lábẹ́ igi yẹn ń bẹ lórí gọ́tà ní òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lẹ táyà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé wọ́n lé yín kúrò níbẹ̀ ni?" Ọ̀kan nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ta ló lé wa? Agogo méjì ọ̀sán, ìwọ fẹ́ kí n lọ jókòó sínú agbada àkàrà?"

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ìjẹ̀bú lè máa wò ó pé kí ló tún dé, ilẹ̀ òfo ni wọ́n sáà tún ṣe. Ìta kì í ṣe ilẹ̀ òfo lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo iye àdúgbò tó ń jẹ́ ìta: Ìtòrò, Ìtalápò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni olóòrítún, ìyẹn olórí àdúgbò, ti ń pe ìtún (àdúgbò) jọ. Ilédì Ọ̀ṣùgbó, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, kì í jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ìyá mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìnáwó òkú rẹ̀. Ọjọ́ Agẹmọ nìkan ni wọ́n ń bá ìta wa lófìfo, nígbà tí àwọn obìnrin bá ti wọlé tilẹ̀kùn kí ojú wọn má bàa kan Agẹmọ. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni ọjọ́ Agẹmọ.

Mi ò ní kí wọ́n má tún ìlú ṣe. Ohun tí mo ń bi ni pé, nínú ìtún wa, ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó gbé ayùn sí igi? Ẹ sọ ti àdúgbò yín.

Ìyá Aláṣọ, Ṣàgámù

Àbúrò, tìrẹ dáa. Ìta ni wọ́n gbà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ tèmi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo dé ẹnu iṣẹ́ tí mo bá ọ̀dà pupa lára ògiri, wọ́n fà á dábùú ara wọn. Ilé bàbá ọkọ mi ni, ní Mákùn, yàrá iwájú ni wọ́n fún mi láti máa fi tajà. Wọ́n ní ọ̀nà fẹ́ fẹ̀. A gbé ìwé lọ bá lọ́ọ̀yà. Ó ní kí a má bínú, pé láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ohun tí a bá kọ́ sórí rẹ̀ ni wọ́n máa sanwó rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dáa. Ilé alámọ̀ tí bàbá kọ́ kí wọ́n tó bí ọkọ mi, tí páànù rẹ̀ ti di pupa, èló lẹ rò pé wọ́n máa dá lé e? Ọmọ ìyá mẹ́sàn-án ló pín in. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ iye tó kan ọkọ mi.

Ṣàgámù yìí, ìlú 13 ló para pọ̀ dì í ní 1872, kálukú kó ọba rẹ̀ wá, kálukú ní ojúde tirẹ̀. Katapílà ò mọ̀yẹn. Kò mọ ibi tí Mákùn parí sí.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀nà yẹn dáa. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà ò ní gbé ọ lọ sí Sábó, iye yòówù kí o fẹ́ san. Ní báyìí, kí n tó ka owó inú àpò mi tán, mo ti dé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ni mo ń patẹ sí lábẹ́ agboòrùn. Àwọn káńsù sì ń lé mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọọjọ́.

Bíríkìlà Ìpẹru

Ẹ má ṣépè fún mi o, mo wà lára àwọn tó ń to íńtálọ́ọ̀kì yẹn. Kì í ṣe ní àdúgbò ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ náà ni.

Ìdí tí igi fi ń kọ́kọ́ lọ rèé: gbòǹgbò máa ń gbé íńtálọ́ọ̀kì sókè, agbaṣẹ́ṣe ò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun padà. A lè yí ìdí igi ká pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò ṣòro rárá. Ó kàn ń gba àkókò ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni omi. Ìta oníyanrìn ń mu omi òjò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti ki ilẹ̀ yẹn, tí ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù lé e lórí, omi gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Mo sọ fún ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún wa pé a ò tíì la gọ́tà. Ó ní gọ́tà ò sí nínú owó tí wọ́n fọwọ́ sí. A tò ó bẹ́ẹ̀. Òjò kìíní tó rọ̀, pálọ̀ ìyá àgbà kan ló wọ̀ lọ tààrà. Mo lọ bá wọn gbọ́n ọn. Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni mo tò ó.

Àti àwọn ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi alúkóbọ́ọ̀ndì bò yìí, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀. Ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn bí apá, ẹ lè sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án láìsí fáànù. Ẹ lọ dán ti gíláàsì wò nígbà tí iná bá lọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Wọ́n ri iná sólà sí ìta tiwa, wọ́n ṣe àga síbẹ̀, wọn ò sì fi irin yí i ká. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ títí di agogo mẹ́wàá alẹ́. Èmi ọmọbìnrin, mo ń ti lẹ́sìnnì dé lálẹ́, ẹ̀rù ò bà mí. Nígbà tó jẹ́ igi nìkan ló wà níbẹ̀, tí alẹ́ bá lẹ́, àwọn tó ń mu igbó ló ni ín. Èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ó tutù yẹn, ọ̀sán nìkan ló tutù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Ìkẹ́nnẹ́, o ṣeun. Mi ò rò ó débẹ̀, òótọ́ lo sọ. Àdúgbò yín rí i gbà ju tiwa lọ nìyẹn.

Mo pe olóòrítún wa lánàá. Wọ́n ní àwọn náà ti béèrè kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn títí, pé wọ́n sọ fún àwọn pé ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta! Kí a tó wọ ìta bàbá wa.

Bíríkìlà, ẹ wo inú àpótí ọ̀rọ̀ yín, mo ti kọ̀wé sí yín. Mo fẹ́ mọ iye tí ẹ máa gbà kí ẹ bá wa ṣí búlọ́ọ̀kù bí ogójì níbi tí igi wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì la gọ́tà kékeré kan jáde. Ẹ̀ka odán kì í pẹ́ hù téèyàn bá rì í mọ́lẹ̀ ní àsìkò òjò. Bàbá aláyò yẹn ní ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé àwọn, òun á gé e fún wa.